Ọrọ̀ ajé wákàtí 24 ní Ghana: Ìgbà wo ni obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru yóò sùn?

Ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ àárọ̀, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn Korle Bu ní Accra, ọ̀wọ́ èrò méjì ló máa ń pàdé ara wọn. Àwọn kan ń wọlé, aṣọ iṣẹ́ wọn ṣì gún régé. Àwọn kan ń jáde, wọ́n ti kó bàtà iṣẹ́ sínú ọ̀rá, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì ń wá trotro tó ń lọ sí Kaneshie tàbí Kasoa.

Obìnrin pọ̀ gan-an nínú àwọn tó ń jáde yìí. Láti àárọ̀ àná, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fojú kan oorun. Tí ẹ bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n forí lé, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn ò sọ pé àwọn ń lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwọn nọ́ọ̀sì. Láti ọdún 1923 tí Gómìnà Gordon Guggisberg ti ṣí Korle Bu ni wọ́n ti ń ṣọ́ aláìsàn mọ́jú níbẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú báyìí ni ètò ọrọ̀ ajé wákàtí 24 tí Ààrẹ John Mahama ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 2025.

Ìlérí tí Mahama fi polongo ìbò lọ́dún 2024 ni, kò sì ṣòro láti yé èèyàn. Iṣẹ́ kan, ṣíìfù mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta. Ẹni kan á ṣe é láàárọ̀, ẹnìkejì á gbà á lọ́sàn-án, ẹnìkẹta á ṣe é mọ́jú. Ilé iṣẹ́ ò ní máa tilẹ̀kùn, ebúté á máa já ẹrù lóru, ọjà á wà ní ṣíṣí, àwọn ọ̀dọ́ á sì ríṣẹ́.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn ọ̀dọ́ Accra ṣe ń wá iṣẹ́ kiri kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu irú ètò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìṣirò ṣíìfù mẹ́ta yìí kò pé. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣíìfù kẹrin ń bẹ nílé, kò sì sí ẹnìkejì tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Inú ṣíìfù kẹrin yẹn ni oorun wọn ń bá lọ. Bí ìjọba àtàwọn agbanisíṣẹ́ kò bá kà á mọ́ ètò tuntun yìí, ara obìnrin ni wọn yóò fi san owó rẹ̀.

‘Bàbá ń sùn’, ‘Màmá ti dé’

Àwọn kan á sọ pé ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ òru. Òótọ́ ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ilé olówó ní East Legon, àwọn awakọ̀ akẹ́rù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ebúté Tema, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ara ọkùnrin kò sì fi irin ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí oníkálùkù bá délé.

Tí bàbá bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré níta. “Ẹ má pariwo, bàbá ń sùn.” Tí ó bá jẹ́ màmá ló ti ibi iṣẹ́ òru dé, ariwo tó máa sọ ni “Màmá ti dé!” Ẹni tí bọ́tìnì aṣọ ilé ìwé rẹ̀ já á mú un wá. Ẹni tí ebi ń pa á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Aládùúgbò á kan ilẹ̀kùn pé kí ó bá òun wo bí ẹ̀jẹ̀ òun ṣe ń ru sí, nítorí pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni.

Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìṣirò ní Ghana, Ghana Statistical Service, ṣe ìwádìí lọ́dún 2009 lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń lo wákàtí wọn. Ohun tí ìyàwó ilé kankan kò nílò ìwádìí kó tó mọ̀ ni wọ́n rí: iṣẹ́ ilé tí kò sí owó oṣù fún, obìnrin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wá bá nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé Kasoa ṣe ìṣirò rẹ̀. Kasoa ti bọ́ sí Central Region, àmọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Accra ló ń sùn síbẹ̀ torí owó ilé. Iṣẹ́ òru ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Ghana lè bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kó sì parí ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Wákàtí 12 nìyẹn. Kí ó tó jábọ̀ fún àwọn tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó rí ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó la súnkẹrẹ fàkẹrẹ Mallam kọjá, agogo mẹ́wàá á ti fẹ́ẹ̀ lù. Kí ó wẹ̀, kí ó fi nǹkan sẹ́nu, kí ó fọ aṣọ iṣẹ́ tí yóò wọ̀ lálẹ́, ó ti di agogo mọ́kànlá.

Àwọn ọmọ á ti ilé ìwé dé ní nǹkan bí agogo mẹ́ta. Oúnjẹ wọn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òun náà ti gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ padà sí Accra.

Tí ẹnikẹ́ni kò bá kan ilẹ̀kùn, tí fóònù kò dún, wákàtí mẹ́rin ni ó lè sùn. Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní àgbàlagbà nílò tó wákàtí méje, ó kéré tán. Tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru fún ọjọ́ mẹ́rin léra, ó ti jẹ gbèsè oorun wákàtí 12. Lọ́jọ́ karùn-ún tó yẹ kó sinmi, ìwẹ̀fun aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ti ń dúró dè é, ọjà ń dúró, ìpàdé òbí nílé ìwé ń dúró. Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ẹbí náà ń dúró, ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ tí àwọn ará Ghana fi ń mú ìsìnkú kì í ṣe kékeré.

Oorun ọ̀sán ní Accra

Oorun wákàtí mẹ́rin yẹn gan-an, ìjàkadì ni èèyàn fi ń sùn ún.

Páànù ló bo ọ̀pọ̀ ilé, tí ó bá sì di ọ̀sán, pàápàá ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta tí ooru máa ń mú jù, inú yàrá á gbóná bí ìgbà tí wọ́n dáná síbẹ̀. Ẹni tó ní fáànù á tan án. Àmọ́ iná lè lọ. Àwọn ará Ghana ti fún un lórúkọ, dumsor, ìyẹn ni pé iná ń kú, iná ń tàn. Láàárín ọdún 2012 sí 2015, ọ̀rọ̀ náà di ohun tí ọmọdé àtàgbà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ìjọba. Ẹni tó ń sùn lóru lè ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé. Ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án tó bá ṣí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ló máa bá wọlé.

Ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ní Accra ni compound house, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní face-me-I-face-you. Ọgbà kan, yàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ẹ̀rọ omi kan. Ní ọ̀sán, odó fufu á máa dún. Oníwàásù tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání á kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé á bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọ̀sán. Ní New Town, tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà tí àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, ilé fara ti ilé débi pé ìkọ́ yàrá kejì lè jí ẹni tó wà ní yàrá yìí.

Òfin gan-an gbà pé òru nìkan ni èèyàn ń sùn. Nínú ìlànà tí àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Ghana, EPA, fi lélẹ̀ lórí ariwo, ìwọ̀n tó fún àdúgbò tí èèyàn ń gbé jẹ́ decibel 55 lọ́sàn-án àti 48 lóru. Ẹni tó fẹ́ sùn ní agogo méjìlá ọ̀sán kò sí nínú ìṣirò wọn.

Bẹ́ẹ̀ Accra mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Lọ́dọọdún, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, àwọn Ga tó ni ìlú náà máa ń fòfin de ìlù lílù àti ariwo fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, ṣáájú ọdún Homowo. Nítorí àgbàdo tí wọ́n gbìn ni. Ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì rí, àmọ́ ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ ṣì máa ń rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé kí wọ́n ti odó fufu mọ́lé nítorí nọ́ọ̀sì. Kókó ibẹ̀ ni pé ìlú náà lè rọ ohùn sílẹ̀ nígbà tó bá gbà pé ohun kan ṣe pàtàkì.

Aago inú ara

Àwọn kan rò pé àṣà ni oorun, pé ara á mọ́ ọn lára tó bá pẹ́. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2017, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba àmì ẹ̀yẹ Nobel fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí aago tó wà nínú ara. Ìmọ́lẹ̀ ló ń darí aago yìí. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyẹn á dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó ń jáde ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, tí oòrùn Accra ń ràn sí i lójú láti Korle Bu títí dé Kasoa, ń sọ fún ọpọlọ rẹ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ní àkókò tó fẹ́ lọ dùbúlẹ̀. Kì í ṣe pé kò rẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ kò gbà pé àkókò oorun ni. Ìdí nìyẹn tí oorun ọ̀sán ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru fi máa ń kúrú, tí kì í sì í wọra, kódà nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ikùn náà ní àkókò tirẹ̀. Oúnjẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí èèyàn fi lé oorun lọ ní agogo méjì òru bá ara tí kò múra sílẹ̀ láti lo ṣúgà.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe ti òní nìkan. Lọ́dún 2007, àjọ tó ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé, WHO, kéde pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí iṣẹ́ ṣíìfù tó ń da aago ara rú máa fa jẹjẹrẹ. Lọ́dún 2019, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò, wọn ò sì yí i padà. Jẹjẹrẹ ọyàn wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. “Ó ṣeé ṣe gidigidi” ni wọ́n sọ o, wọn ò sọ pé ó dájú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù ba nọ́ọ̀sì tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kí wọ́n fi pa mọ́ fún un náà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ti ń tọpa ìlera ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ọ̀sì láti ọdún 1976. Nínú èsì kan tó jáde lọ́dún 2016, tí wọ́n fi nọ́ọ̀sì tó lé ní 189,000 ṣe, àwọn tó ti fi ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ òru tó ń yípo ní ewu àìsàn ọkàn tó fi ìdá 15 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn tí kò ṣe é rárá. Ní Denmark, ìwádìí tọdún 2019 rí i pé aboyún tó bá ṣe iṣẹ́ òru ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹjọ oyún, ní ewu tó pọ̀ sí i pé kí oyún náà wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ìjọba Denmark yẹn kan náà ti lọ jìnnà ju ìwádìí lọ. Láti bí ọdún 2008 ni wọ́n ti ń san owó gbà-má-bínú fún àwọn obìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ọyàn lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ òru. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan ní Accra tó mú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ bá agbanisíṣẹ́ rẹ̀.

Ewu tó kan aláìsàn náà wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ Australia méjì fi hàn lọ́dún 1997 pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 máa ń ṣe bí ẹni tí ọtí wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbà kí awakọ̀ ní. Nọ́ọ̀sì tó jí ní agogo mẹ́fà àárọ̀ láti múra fún àwọn ọmọ, tó wọ iṣẹ́ òru lọ́jọ́ náà láì tíì rẹjú, ti dé wákàtí 17 ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Ó ku wákàtí mẹ́sàn-án. Láàárín wákàtí mẹ́sàn-án yẹn ni yóò wọn oògùn ọmọ tuntun sínú abẹ́rẹ́.

Òfin dúró lórí aboyún

Òfin iṣẹ́ Ghana tọdún 2003, Act 651, ronú kan obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru, àmọ́ aboyún ló wò. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi aboyún síṣẹ́ láàárín agogo mẹ́wàá alẹ́ sí agogo méje àárọ̀, àyàfi tí obìnrin náà bá fọwọ́ sí i. Bákan náà ló wí nípa fífi àṣekún iṣẹ́ lé aboyún lọ́wọ́, tàbí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Ó fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n “àyàfi tó bá fọwọ́ sí i” yìí ni ìṣòro. Ní wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta nìkan wà fún iṣẹ́ èèyàn mẹ́fà, aboyún tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ òru mọ̀ pé ẹnìkejì òun ni yóò ru ẹrù náà. Yóò fọwọ́ sí i. Nígbà tí ọmọ bá sì pé oṣù mẹ́jọ, òfin gbà pé ó ti tán, bí ẹni pé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kì í ké lóru, tí kì í sì í ké lọ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ fẹ́ sùn.

Òfin kan náà fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 12 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan sí èkejì. Lórí ìwé, nọ́ọ̀sì Kasoa yẹn rí wákàtí 12 rẹ̀ gbà. Ojú ọ̀nà jẹ mẹ́rin níbẹ̀, iṣẹ́ ilé jẹ mẹ́rin. Kò sí ẹni tó rú òfin, síbẹ̀ kò sùn.

Ti Nàìjíríà tilẹ̀ tún yàtọ̀. Abala 55 òfin iṣẹ́ níbẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi obìnrin sí iṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Orísun irú òfin bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn tí àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ṣe lọ́dún 1919, nígbà tí wọ́n gbà pé ohun tó dára jù fún obìnrin ni kí ó wà nílé lálẹ́. Ẹni tí òfin náà ń dí lọ́wọ́ ni obìnrin tó fẹ́ gba iṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí kì í sùn gan-an, ìyẹn nọ́ọ̀sì, òfin ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí Ghana wò kọ́ṣe nìyẹn. Obìnrin nílò iṣẹ́, iṣẹ́ òru sì wà lára rẹ̀. ILO fúnra rẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tuntun tó ṣe lórí iṣẹ́ òru lọ́dún 1990 kò yọ obìnrin sọ́tọ̀, àyẹ̀wò ìlera àti ààbò fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ló ń wí.

Àwọn kan wà tí òfin kankan kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin tó ń ta waakye ní àárọ̀ kùtùkùtù ti gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà kaná nígbà tí àwọn yòókù ṣì wà nínú oorun àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ṣe kenkey ní ìgbà tiwọn. Àwọn kayayei, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin tó ń wá láti àríwá Ghana láti máa ru ẹrù lọ́jà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ojú kan ní ṣíṣí nítorí olè àti ọkùnrin oníwàkiwà. Ètò wákàtí 24 yìí ní ìlérí ọjà tí kò ní máa tì. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín pé òun á lè ra tòmátì ní agogo mẹ́ta òru, kó rántí pé ẹnì kan ló máa jókòó tì í.

Àwọn tó kù ló ń ṣe é

Bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń kó lọ sí òkè òkun ń mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ghana àti Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 55 tí WHO tò lọ́dún 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Ẹni tó bá lọ sí Britain, òru tirẹ̀ nínú ìwé ètò iṣẹ́ kò bá a lọ. Àwọn tó kù ló ń pín in láàárín ara wọn.

Ẹni tó lọ náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní London ló mọ ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó nítorí kí ó lè gbé ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀, kí ó sì lọ gbé e bọ̀ lọ́sàn-án, torí pé owó ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ kò ṣeé kó jọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Britain, HSE, ti tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n pín ṣíìfù: kí òru tó tẹ̀lé ara wọn má pọ̀, kí ìyípo náà máa lọ láti àárọ̀ sí ọ̀sán sí òru, nítorí ó rọrùn fún ara láti pẹ́ sùn ju kí ó tètè sùn lọ. Kì í ṣe gbogbo agbanisíṣẹ́ ló ń tẹ̀lé e. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ní ìwé kan tó lè nà sí ọ̀gá rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Ghana, GRNMA, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ohun tí wọ́n ń béèrè ni àdéhùn iṣẹ́ tọdún 2024 tí ìjọba kò tíì mú ṣẹ. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù náà. Ẹ̀tọ́ wọn ni owó. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n jẹ òṣìṣẹ́, wọ́n lè san án tó bá yá. Oorun tí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́dún tó kọjá, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ san án. Ó yẹ kí àdéhùn tó ń bọ̀ ní ìwé ètò iṣẹ́ nínú, kí ó dárúkọ iye òru tí wọ́n lè fún èèyàn léra, kí ó sì sọ iye ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣáájú. Obìnrin tó bá mọ òru rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ lè bá àbúrò tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọmọ. Èyí tó gbọ́ ọ lánàá kò lè rí nǹkan kan ṣe.

Ọ̀dọ̀ ìjọba, ohun tó rọrùn jù láti ṣe ti wà nílẹ̀. Ètò wákàtí 24 ṣèlérí ìrànwọ́ fún iléeṣẹ́ tó bá dara pọ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n má fún iléeṣẹ́ kankan ní ìrànwọ́ náà tí kò bá ní ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn òṣìṣẹ́ òru délé, yàrá tí wọ́n ti lè rẹjú fún ogún ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀, àti ibi tí wọ́n lè fi ọmọ sí. Ọkọ̀ nìkan, tí kò ní dúró ní gbogbo ibùdókọ̀ láti Kaneshie dé Kasoa, lè dá wákàtí kan oorun padà fún obìnrin kan lójúmọ́. Kò sí oògùn kankan nílé ìwòsàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn onílé iṣẹ́ á sọ pé owó rẹ̀ pọ̀. Àwọn náà ló ń sọ pé èrè máa pọ̀ sí i tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, nítorí náà kí wọ́n yọ ọ́ nínú èrè náà.

Ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí òfin Accra tó lè sọ fún ọkọ pé kí ó se oúnjẹ ọ̀sán, kí ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tó wá kí wọn tó sọ pé “ìyàwó yìí mà ń sùn jù o, agogo méjì ọ̀sán rèé” ló yẹ kí ẹnì kan dá lóhùn, kì í sì í ṣe ìyàwó ló yẹ kó dá a lóhùn.

Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Kasoa, àwọn mate, ìyẹn àwọn kọ̀ńdọ́ ti Ghana, ti ń pe èrò Kaneshie. Nínú trotro náà, obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ti gbé orí lé irin kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó ti bẹ mate pé kí ó jí òun tí wọ́n bá dé.